Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni o, kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́ṣubú

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ẹ̀yìn ni mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, níbi tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wà, kí n tó wá ṣí i wá síwájú níbi tí àwọn olóṣèlú wà. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí kò kúrò lọ́kàn mi, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo sọ ọ́ fún àwọn tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọmọdé ni mò ń gbé sórí tó báyìí, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sí yín.

Rẹwáyà ni mí, iná mọ́tò ni mò ń ṣe níbí n'Íbàdàn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní akádẹ́mì kan ládùúgbò wa, mi ò ní í dárúkọ wọn torí kì í ṣe pé mo fẹ́ ba tiwọn jẹ́. Nọ́ńbà méje ló ń wọ̀, kóòṣì wọn ò sì pe orúkọ tá a sọ ọ́ rí, "Sẹ́fún" ló ń pè é, àwa náà ti wá ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé, ìyá ẹ̀ nìkan ló kọ̀ jálẹ̀.

Ní Sátidé yẹn, wọ́n ń gbá àṣekágbá ìdíje kékeré kan ní pápá ilé ìwé kan, koríko ò sí níbẹ̀, eruku ni, àti òkúta wẹ́wẹ́. Góòlù kan sí òdo làwọn tiwa fi ń ṣíwájú, ó sì ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn. Bọ́ọ̀lù kan ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ó gbé e, ó fẹ́ máa sá lọ síwájú, ni mo bá gbọ́ tí kóòṣì figbe ta láti ẹ̀gbẹ́ pápá, "Sẹ́fún! Jókòó! Mo ní kó o jókòó!" Kò yé ọmọ yẹn. Ó dúró, ó ń wo kóòṣì bí ẹni tí wọ́n fi èdè Faransé bá sọ̀rọ̀. Kóòṣì wá nàka sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ló yé e, ló bá ṣubú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án o! Ẹni tó sún mọ́ ọn jù, mọ́tò lè gba àárín wọn kọjá, ọmọ yìí kàn ṣubú ni, ó di orúnkún mú, ó ń yí nínú eruku, ó ń ṣe "yéè, yéè". Kóòṣì sáré wọlé tòun ti píọ̀ wọ́tà méjì, ó feyín ya ọ̀kan, ó ń dà á sí i lẹ́sẹ̀. Olóòtú, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọmọ mi dì mú, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń da omi sí.

Ọmọ ẹgbẹ́ kejì kan, kékeré báyìí, tí ṣòkòtò ẹ̀ tóbi jù ú lọ, wá na ọwọ́ sí i pé kó fi dìde, ó ń wò ó tàánú-tàánú. Kóòṣì ní kó máa lọ jàre. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé ọmọ tèmi jáde tán, tí wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù sínú igbó lẹ́ẹ̀mejì, àsìkò ti tán. A gba ife. A jó. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà jó, kódà nígbà tó wà nílẹ̀ yẹn, èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí ni mo ń pariwo pé "má dìde o! má tíì dìde!"

Nígbà tá a délé, ìyá ẹ̀ gbé róòbù wá, ó ní kó na ẹsẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní "Mọ́mì, kò ṣe mí ní nǹkan kan, kóòṣì ló ní kí n jókòó." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Túsìdeè ló kàn, ìyá ẹ̀ ní kó lọ fọ abọ́, ọ̀gbẹ́ni di ìdí mú, ó ń tiro, ó ní ẹ̀gbẹ́ ń dun òun, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àga títí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin fi fọ abọ́ náà tán, bí wọ́n ṣe gbé abọ́ wọlé báyìí ló fò dìde tó ní òun ń lọ bá ọ̀rẹ́ òun gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ohun tí kóòṣì kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé, kò fi sílẹ̀ ní pápá, ó gbé e bọ̀ wálé.

Mo lọ́mọ iṣẹ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣòro fún mi láti mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún kan gbáko kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí iná ti ń jò nínú mọ́tò, àmọ́ tí mo bá sọ fún oníbàárà lẹ́ẹ̀kan péré pé kọ̀ǹpútà ni mo fi wá nǹkan tó bàjẹ́ nínú mọ́tò ẹ̀, nígbà tó jẹ́ fíùsì ọgọ́rùn-ún náírà ni mo pààrọ̀, ó ti mọ ìyẹn kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Mi ò ní í pè é kí n kọ́ ọ. Ojú ẹ̀ ló máa fi rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòṣì ṣe wà lójú àwọn ọmọ yìí, kódà ó ju bàbá wọn lọ. Mo lè sọ̀rọ̀ kí ẹnu mi fà ya nípa pé kó fọ eyín kó tó sùn, kò ní í gbọ́, ṣùgbọ́n kóòṣì ní kí wọ́n má mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́jọ́ tí ìdíje bá ku ọ̀la, ọmọ mi ò fẹnu kàn án, ẹ gbé e síwájú ẹ̀ kẹ̀, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin oníròyìn lẹ máa ń pè wọ́n ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an, torí ó sọ iṣẹ́ wọn: ẹni tó ń kọ́ni ká mọ̀ ọ́n gbá. Kò sí mọ̀ ọ́n ṣubú níbẹ̀, kò sí mọ̀ ọ́n bú rẹfirí, kò sí mọ̀ ọ́n purọ́ ọjọ́ orí.

Ká má wo eré tí kò ní èrú nínú bí ìwà àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé wá bá wa o. Ẹ lọ wo àwọn àgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi, èébú tí wọ́n máa ń bú ara wọn níbẹ̀ ò kéré, ọ̀ta tó mọ ayò á pe ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta ní orúkọ tí bàbá ẹ̀ ò sọ ọ́, èrò á máa rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi ọgbọ́n ọwọ́ jí ọmọ ayò kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó máa bá a jókòó ti ọpọ́n mọ́ ládùúgbò yẹn.

Nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, a ní gémù másítà kan, tíṣà tó ń darí eré ìdárayá, bàbá kúkurú kan tó máa ń so fèrè mọ́rùn káàkiri bí ìlẹ̀kẹ̀, kódà tó bá wà nínú kíláàsì. A ń bá ilé ìwé kan gbá, a ò sì fẹ́ràn ilé ìwé yẹn rárá, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wa tutọ́ sí ọmọ tó ń ṣọ́ ọ lára. Rẹfirí ò rí i. Àwọn èèyàn ò rí i. Gémù másítà rí i. Ó pariwo orúkọ ẹ̀, ó ní "Bọ́ sóde." A ti pààrọ̀ gbogbo ẹni tá a lè pààrọ̀, kò sẹ́ni tó kù lórí bẹ́ńṣì, a bẹ̀ ẹ́, kápútéènì wa fẹ́ẹ̀ẹ́ sunkún, ó ní ṣé ẹ ò gbọ́ ni, kó bọ́ sóde. Òdo sí òdo ni nígbà yẹn. Èèyàn mẹ́wàá la fi parí ẹ̀, góòlù mẹ́ta ni wọ́n jẹ wá. Kó tó wọ bọ́ọ̀sì, ó mú ọmọ yẹn lọ́wọ́, ó mú un lọ bá ẹni tó tutọ́ sí lára, àwa ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ. A bínú sí bàbá yẹn fún odidi táàmù kan. Kí n sọ òótọ́, títí dòní tá a bá pàdé níbi ìnáwó, a ṣì máa ń jiyàn lé e, àwọn kan ṣì ń sọ pé ó yẹ kó dúró dìgbà tí bọ́ọ̀lù bá parí kó tó fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tó tutọ́ yẹn gan-an kì í bá wa dá sí i. Mi ò mọ nǹkan tó ń lọ lọ́kàn ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tún tutọ́ sí ẹnikẹ́ni lára nínú wa títí tá a fi jáde.

Tẹ́ ẹ bá ní ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwé lásán, ẹ jẹ́ kí n mú ti àwọn àgbà wá, èyí tí ọmọ Nàìjíríà wa náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1999, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nígbà yẹn, Arsenal ń bá Sheffield United gbá ìdíje FA Cup ilẹ̀ England ní Highbury, pápá Arsenal nígbà yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ni Kanu Nwankwo kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á wá láti Inter Milan ni. Wọ́n ti jẹ góòlù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Sheffield kan wá dùbúlẹ̀, kípà wọn mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù síta kí wọ́n lè ráyè tọ́jú ẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, tí wọ́n bá ti tọ́jú ẹni náà tán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ju bọ́ọ̀lù wọlé á dá a padà fún wọn, kò sí nínú òfin, àmọ́ gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló mọ̀ ọ́n. Ray Parlour ti Arsenal jù ú lọ sọ́dọ̀ wọn lóòótọ́. Kanu tí kò mọ nǹkan tó ń lọ sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó gbà á, ó gbá a sí Overmars tí wọ́n jọ wà ní Arsenal, Overmars ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ariwo ta! Steve Bruce tó jẹ́ kóòṣì Sheffield ń pe àwọn ọmọ ẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀ níta, rẹfirí ò sì rí nǹkan ṣe sí i torí góòlù yẹn ò lòdì sófin. 2-1 ló parí sí.

Ohun tí Arsène Wenger tó jẹ́ kóòṣì Arsenal ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí àwọn kóòṣì wa wò. Ó lè sọ pé òfin ni òfin. Ó lè ní Kanu ló fa á, ọmọ tuntun ni, ẹ má bínú, kó sì gba ilé lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú ló ti sọ pé kí wọ́n jẹ́ ká tún bọ́ọ̀lù yẹn gbá. FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England, gbà, wọ́n tún un gbá lọ́jọ́ 23 oṣù yẹn kan náà, Arsenal sì tún na wọ́n, 2-1, iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin kan á sọ pé ó dá ara ẹ̀ lójú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìṣirò, wọ́n lè nà án lọ́jọ́ kejì kó sì bọ́ kúrò nínú ife ọ̀hún pátápátá, òun náà mọ̀. Kanu ò jìyà nǹkan kan, ọ̀gá ẹ̀ ló gbé ẹrù náà lérí.

Èyí tó tún wá burú ju ká ṣubú lọ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ kóòṣì ọmọdé nílẹ̀ yìí kí n fo ìyẹn dá. Akádẹ́mì tá a kọ́kọ́ mú ọmọ mi lọ, kì í ṣe èyí tó wà báyìí, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi kí n buwọ́ lù ti ní ọdún tí wọ́n bí i nínú tẹ́lẹ̀, ọdún méjì ni wọ́n yọ kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀. Mo ní rárá o, ọjọ́ ìkómọ ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ yìí. Kóòṣì ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní "Dádì, ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù nìyẹn, gbogbo wọn ló ń ṣe é, ẹ kàn lọ bá wa gba áfídáféètì ní kóòtù." Nígbà tá a jáde, mo rí ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń ka ọjọ́ ìbí tuntun sórí bí ẹni ń ka àkọ́sórí, ó ń ṣì í, ẹnì kan ń tún un ṣe fún un. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pápá, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fàyà gba bọ́ọ̀lù, irọ́ ló kọ́kọ́ kọ́, ẹni tó sì yẹ kó bá a wí ló kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ a ti jẹ níbẹ̀ rí, a sì ti sanwó ẹ̀. Lọ́dún 1989, FIFA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ní ká lọ fi ọdún méjì jókòó sílé, a ò gbọ́dọ̀ yọjú síbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́, torí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kan ò bára mu láti ìwé kan sí èkejì, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dọ̀ wa, Portugal ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ti àwọn tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ní Nàìjíríà lọ́dún 2009, ìgbà yẹn ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo eegun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Egungun tó ṣì ń dàgbà máa ń ní àlàfo kan níparí ẹ̀, tí àlàfo yẹn bá ti dí pátá, a jẹ́ pé ó ti lé ní mẹ́tàdínlógún, kóòtù ò sì lè bá eegun gba áfídáféètì. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé a ò nílò irọ́ yẹn o! Lẹ́yìn tí MRI dé, a ṣì gba ife yẹn ní United Arab Emirates lọ́dún 2013, a tún gbà á ní Chile lọ́dún 2015. Ọmọ pọ̀ nílẹ̀ yìí tó mọ bọ́ọ̀lù, tí ọjọ́ orí ẹ̀ sì pé.

Mi ò wá kọ lẹ́tà láti fi gbogbo ẹ̀bi lé kóòṣì lórí o. Kóòṣì ọmọ mi yìí ń gbìyànjú, àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rówó san, kò lé wọn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá, owó ẹ̀ ló fi rà á, mo ti rí i tó kó ọmọ mẹ́jọ sínú Micra kan lọ síbi ìdíje, tó sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn. Ta ló ń fúngun mọ́ ọn? Àwa ni. Tí ọmọ bá ti pápá dé, kí là ń bi í? "Ṣé ẹ nà wọ́n?" Mi ò tíì gbọ́ òbí tó béèrè pé ta lo kí níbẹ̀, ṣé o bọ rẹfirí lọ́wọ́. Tí wọ́n bá nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, bàbá kan á kó ọmọ ẹ̀ lọ sí akádẹ́mì míì, owó oṣù á dín kù. Lójú gbogbo wa, ọ̀kan nínú wọn ló máa lọ sílùú òyìnbó tó máa kọ́lé fún wa. Rẹfirí tó ń bá wọn fọn fèrè yẹn, ẹ̀gbọ́n ọmọ iléèwé kan ni, ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni wọ́n ń fún un, àwọn òbí sì ń ṣépè fún un látẹ̀gbẹ́ pápá bíi pé ó jí wọn lọ́mọ.

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ọmọdé ló yẹ kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́. Láti ọdún 2019 ni òfin bọ́ọ̀lù ti gba rẹfirí láyè láti fi kádì yẹ́lò tàbí kádì pupa han kóòṣì, bó ṣe ń fi han agbábọ́ọ̀lù, kódà tí ẹnì kan bá hùwà burúkú láti orí bẹ́ńṣì tí wọn ò mọ ẹni náà, kóòṣì àgbà tó wà níbẹ̀ ló máa gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lò ó! Tí rẹfirí bá ti gbọ́ tí kóòṣì ń pariwo "jókòó" sí ọmọ tí ara ẹ̀ le, kó má dá ọmọ lóró, kó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kó na kádì sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan péré, lójú gbogbo àwọn òbí, mo fi dá yín lójú pé ìdíje tó kàn á parọ́rọ́.

Mo lọ bá kóòṣì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí wọ́n ń ṣe tírénìn. Mo dúró títí àwọn ọmọ fi lọ, torí mi ò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójú wọn. Mo ní "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí ọmọ mi ṣubú mọ́." Ó ń ká kóònù tó fi sílẹ̀ jọ, kò wojú mi. Ó ní "Bàbá Sẹ́fún, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá nà wá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pè mí." Mi ò rí èsì fọ̀, torí lóṣù tó kọjá mo pè é lóòótọ́, aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo sì bá a pariwo.

Mo délé, mo pe ọmọ mi, mo ní tí kóòṣì bá tún ní kó jókòó, kó má jókòó, kó máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ. Ó ní "Dádì, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má tíì dìde."

Olóòtú, wọ́n tún ní ìdíje ní Sátidé tó ń bọ̀. Kóòṣì máa ń ra ìwé ìròyìn yín, ẹ̀yìn lòun náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí àyè bá wà, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́ náà.

Èmi ni,
Bàbá Sẹ́fún,
Ìbàdàn.